Ọmọ ogun òfuurufú nínú aṣọ àdìrẹ: práímà mi di iyanrìn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọÌbarà
Ọjọ́ Àìkú, 7:12 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kó ère kéékèèké mẹ́wàá jọ fún Stargrave. Fún ẹni tí kò bá tíì gbọ́ nípa rẹ̀, eré ìjà orí tábìlì ni, ọdún 2021 ló jáde. Ọ̀gá ikọ̀ kan, igbá-kejì rẹ̀ àti ọmọ ogun mẹ́jọ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kó wá, dáìsì olójú 20 la sì fi ń jà. Ohun tó mú mi yàn án ni pé kò sí ère kan pàtó tí wọ́n ní dandan ni kéèyàn rà. Èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ ni wàá tò.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyí: ikọ̀ tó jáde láti Abẹ́òkúta, ẹgbẹ̀rún ọdún sí àkókò tí a wà yìí. Ọkọ̀ òfuurufú wọn ti gbó, irin ara wọn ti dípẹtà, àmọ́ àdìrẹ ni aṣọ tí wọ́n dà lé èjìká. Ọ̀gá wọn á dé fìlà abetí-ajá. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò wọ́n kó tún máa bi mí pé ará ibo ni wọ́n. Mo ti wo ère lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ro mí, mi ò rí ọ̀kan ṣoṣo tó múra bí ará ilé wa.

Wàhálà tó wà ńlẹ̀ báyìí: lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé márùn-ún àkọ́kọ́ sí àgbàlá, mo fín práímà eérú (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń jẹ́ kí ọ̀dà tó kù lẹ̀) sí wọn lára ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́. Nígbà tó gbẹ tí mo fọwọ́ kàn án, ó ń họ mí lọ́wọ́ bíi gààrí. Ojú ère kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí imú rẹ̀ mọ́.

Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn? Báwo sì ni mo ṣe máa ya àdìrẹ sí aṣọ tí kò fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò? Ẹ dákun.


Ọlọ́dàAṣerò
Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Ọyẹ́ ló ṣe é, kì í ṣe ọwọ́ rẹ.

Iṣẹ́ mọ́tò kíkùn ni mò ń ṣe, ère kékeré yìí ni mo fi ń sinmi. Ohun kan náà ló ń ṣe wá ní sọ́ọ̀bù láti oṣù Kejìlá lọ sí oṣù Kejì. Ọ̀dà tó ń jáde lẹ́nu agolo, omi ni. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, tí o sì dúró jìnnà, yóò ti gbẹ lójú ọ̀nà kó tó kan ère. Ohun tó bà lé e nígbà náà kì í ṣe ọ̀dà mọ́, eruku ọ̀dà gbígbẹ ni, eruku ọyẹ́ fúnra rẹ̀ sì tún lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà òjò, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á wọ inú ọ̀dà, fánísì tí kì í dán á wá funfun bí ẹni bu ẹfun sí i.

Àsìkò ọyẹ́, má fín ohunkóhun lẹ́yìn aago mẹ́jọ àárọ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀ díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn ló dára. Mi agolo náà fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Súnmọ́ ọn, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Fín, dáwọ́ dúró, yí i padà, fín. Má fi ọ̀dà bọ́ ère yẹn bí ẹni ń wẹ̀ fún ọmọ. Bí o bá ṣì rí ike díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ti tó.

Fún márùn-ún tó ti di gààrí: kọ́kọ́ mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó le, má fi omi sí i, kí o fi gbo wọ́n. Eruku ọ̀dà tí kò lẹ̀ dáadáa á bọ́. Nígbà míì ìyẹn nìkan ti tó. Bí kò bá tó, da Dettol sínú ike tó ní ìdérí, láì fi omi là á, rẹ wọ́n síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wọ ìbọ̀wọ́. Lọ́jọ́ kejì, Dettol kan náà ni kí o máa fi búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ bí o ṣe ń fọ̀ wọ́n. MÁ FI OMI KÀN ÁN títí gbogbo ọ̀dà á fi kúrò. Bí omi bá pàdé Dettol àti ọ̀dà tó ti yọ́, á di ohun kan tó ń fà bí ọ̀dà títì, kò sì ní jáde nínú kọ́lọ́fín ère mọ́. Ìgbà tó bá mọ́ tán lo máa wá fi ọṣẹ àti omi ṣan án. Kọ́kọ́ dán an wò lára igi ike tí o gé ère kúrò lára rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ọ̀dà agolo ló ń gbọ́ ti Dettol.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ sọ̀rọ̀ tínà. Mo ní ère kan tí mo fi oṣù kan kùn, ọ̀kan nínú àwọn àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kó bọ̀ láti London. Mo fẹ́ yọ ọ̀dà kékeré kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo mú tínà tó wà lọ́wọ́ mi ní sọ́ọ̀bù. Kí n tó ṣẹ́jú, ojú ti yọ́ mọ́ àyà. Ike ère wọ̀nyí, tínà àti omi tí wọ́n fi ń yọ kútẹ́ẹ̀sì ń jẹ ẹ́ bí iná ṣe ń jẹ ọ̀rá. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.


ỌmọÌbarà
Ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbo wọ́n lálẹ́ àná. Mẹ́ta mọ́ lára. Méjì ti wà nínú Dettol, gbogbo yàrá ń rùn bí ọsibítù.


AláròÌtòkú
Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ló ń ṣe eré yìí, òun ló fi ọ̀rọ̀ yín hàn mí pé, "Màámi, ẹ wá dá wọn lóhùn." Aró ni ìyá mi ń rẹ, aró ni èmi náà ń rẹ.

Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi nínú gan-an. Àmọ́ ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá fi ọ̀dà funfun ya àwòrán sórí ọ̀dà aró, kò ní jọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ ya ọnà rẹ̀. Á jọ bébà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Láfún la ń fi ro ẹ̀kọ yẹn, òun la fi ń ya ọnà sójú aṣọ, àwọn mìíràn ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà á. Ní Abẹ́òkúta níbí, ó tún pẹ́ tí àwọn ọkùnrin ti ń gé páànù sí ọnà, tí wọ́n ń gbé e lé aṣọ, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ ta á. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ, a ó ri aṣọ sínú aró. Bó ṣe ń jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú yín. A ó tún rì í, a ó tún sá a, títí á fi dú bó ṣe yẹ. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀kọ ò lè dí aró lọ́nà pátápátá. Díẹ̀ á yọ́ wọlé. Ìyẹn ló fà á tí ọnà ara ẹlẹ́kọ fi máa ń ní àwọ̀ ojú ọ̀run, kì í funfun. Ẹ mú ògbólógbòó àdìrẹ ìyá yín àgbà jáde kí ẹ fi wé bébà funfun, ẹ ó rí i.

Nítorí náà, ohun tí mo ní kí ọmọ mi ṣe sára tirẹ̀ nìyí, ó sì dára. Ó fi aró tó dú kun gbogbo aṣọ, inú ìṣẹ́po rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ó po aró mọ́ funfun díẹ̀ títí ó fi dà bí ojú ọ̀run ìyálẹ̀ta, ìyẹn ló fi ya ọnà. Nígbà tó gbẹ, ó wá fi omi la aró díẹ̀ títí ó fi ṣàn bí omi ẹlu tó ti rẹ̀, ó fi nu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lójú kan náà ni ọnà yẹn wọ inú aṣọ lọ. Kò lẹ̀ mọ́ òkè rẹ̀ mọ́.

Ọnà wo? Ẹ má dán ọnà tí a ń pè ní Ìbàdàndùn wò, ilé àti òpó tó wà nínú rẹ̀ kò lè gba ibẹ̀. Ẹ lo Oṣùbàǹbà, èyí tí oníkò, àwọn tó ń fi okùn di aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ń dì. Òṣùpá ńlá kan ni, àmì róbótó kéékèèké sì yí i ká. Orí igi ìtayín lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, tó-tó-tó, ó parí. Àwọn èèyàn tó ń gbé láàárín oṣù àti ìràwọ̀, kí ni wọn ì bá tún wọ̀?


AráÌjàyè
Ọjọ́ Ajé, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú o, Màmá, mo ní àtakò díẹ̀. Àdìrẹ tí a ń wọ̀ báyìí ní Abẹ́òkúta, ọnà rẹ̀ funfun báláú. Òmíràn pupa, òmíràn ní àwọ̀ ọsàn. Èyí tí mo wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó lóṣù tó kọjá, kò sí àwọ̀ ojú ọ̀run kankan lára rẹ̀. Kí ló dé tí ọmọ ogun ẹgbẹ̀rún ọdún sí i fi máa wọ ti ayé ìyá àgbà?


AláròÌtòkú
Ọjọ́ Ajé, 8:02 alẹ́

Òótọ́ lẹ sọ. Àbẹ́là ni wọ́n fi ṣe ti yín yẹn. Bí àbẹ́là gbígbóná bá ti mu aṣọ, aró kò ní gba ibẹ̀ kọjá, ìdí tó fi ń funfun nìyẹn. Ọjà náà ni, àwa náà ń tà á. Bí ẹ bá fẹ́ irú èyí sára ère, ẹ yà á ní funfun, ẹ má sì fi omi aró nù ún gbẹ̀yìn. Ẹ̀là kéékèèké máa ń wà níbi tí àbẹ́là ti sán, ẹ fa ìlà tín-ín-rín bíi mélòó kan kọjá níbẹ̀.

Àmọ́ ọmọ yìí sọ pé irin wọn ti dípẹtà, ọkọ̀ wọn ti gbó. Ẹni tí ohun ìní rẹ̀ gbó tó bẹ́ẹ̀, aṣọ tó jogún ló máa dà bora. Èmi fara mọ́ ti ẹlẹ́kọ fún un.


KútòDáìsì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:25 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ fìlà.

Irú fìlà abetí-ajá mẹ́rin ni mo ti mọ sórí ère, mẹ́ta àkọ́kọ́ kò dáa. Àṣìṣe mi ni pé mò ń fẹ́ mọ ọ́n lẹ́sẹ̀ kan náà. Àmọ̀ alápòpọ̀ méjì yẹn, èyí tí ọ̀kan jẹ́ yẹ́lò tí ìkejì jẹ́ búlúù, tó ń di àwọ̀ ewé bí o bá pò ó, kì í gbọ́ràn nígbà tó ṣì tutù. Á máa lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ ni.

Ṣe báyìí. Kọ́kọ́ gé orí àṣíborí ère náà pẹrẹsẹ. Po àmọ̀ tó tó ẹ̀wà méjì. Fi Vaseline ra ọ̀rá ike kan, fi àmọ̀ sí i, fi ọ̀rá mìíràn bò ó, kí o fi ìgò yí i mọ́lẹ̀ títí á fi fẹ́lẹ́ bí awọ ìwé. Fi sílẹ̀. Nínú ooru tiwa níbí, ìṣẹ́jú 40 péré ti tó, kò ní pẹ́ bó ṣe ń pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó wà nílẹ̀ olótùútù. Nígbà tó bá dà bí awọ tí kò tíì gbẹ, mú réésà kí o gé e sí igun mẹ́ta méjì. Ìyẹn ni etí. Ti àárín, mọ ọ́n sórí bí abọ́ kékeré. Wá lẹ etí méjèèjì mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀. Fi abẹ́rẹ́ tó ti wọ omi tẹ ibi tí wọ́n ti pàdé. Lẹ́yìn náà, má fọwọ́ kàn án mọ́ di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀pọ́sì oníṣẹ́jú mẹ́rin tí àwọn mẹkáníìkì ń lò kò dára fún èyí. Á ti le kí o tó gé etí kan. Ìsàlẹ̀ ère ló dára fún.

Ti aṣọ èjìká, o ò nílò àmọ̀ rárá. Ya tíṣù sí ẹyọ kan ṣoṣo, bù ú sínú Top Bond (gúlù funfun) tí o fi omi là, dà á lé ère léjìká, fi igi ìtayín ṣẹ́ ẹ po bí agbádá ṣe ń ṣẹ́po nígbonwọ́. Bó bá gbẹ á le gbagidi. Tún fi súpà gúlù kékeré sí abẹ́ etí rẹ̀ kó má bàa ṣí nígbà tí o bá ń kùn ún.


RésìnìỌ̀bàǹtokò
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:47 ọ̀sán

Mò ń fi kíún. Ẹ ò tíì sọ bóyá ike tàbí résìnì (ohun olómi tí wọ́n ń jẹ́ kó le di ère) ni àwọn márùn-ún tó kù. Bó bá jẹ́ résìnì ni, gúlù ike tó ń yọ́ ike pọ̀ kò ní mú un, súpà gúlù ni. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó tó di pé ẹ fín práímà, torí epo tí wọ́n fi ń mú un kúrò nínú mọ́ọ̀dù ṣì máa ń wà lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ha résìnì ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Inú abọ́ omi ni kí ẹ ti fi sáńpépà hà á, kí ẹ sì wọ ìbomú. Èmi ń tẹ tèmi jáde lórí ẹ̀rọ nílé, àwọ̀ ara mi ti kọ résìnì tútù látìgbà tí mo fi ọwọ́ lásán mú un ní ọdún àkọ́kọ́. Kékeré báyìí bó bá kàn mí, ọwọ́ mi á wú, á máa yún mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti di títí ayé nìyẹn. Ìbọ̀wọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi.


Ọlọ́dàAṣerò
Ọjọ́rú, 8:55 alẹ́

Ó kù díẹ̀ tí mi ò tíì sọ, ìpẹtà.

Àbúrò, gòkè Olúmọ lọ́jọ́ kan, má wo àpáta, wo òrùlé ìsàlẹ̀. Kò sí ìwé tó lè kọ́ ọ ju ìyẹn lọ. Èmi lọ lọ́dún tó kọjá, wákàtí méjì ni mo fi jókòó, tí mò ń ya àwòrán òrùlé pẹ̀lú fóònù. Páànù kì í dípẹtà káàkiri bó ṣe wu ènìyàn láti fi ọ̀dà pupa nù ún. Sínǹkì tó wà lára rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kú, á di eérú, á pàdánù dídán. Ojú ìṣó ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, àti etí ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn, torí omi máa ń dúró síbẹ̀. Láti ojú ìṣó yẹn ló ti ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, ní ìlà, bí òjò ṣe ń ṣàn. Kò sí ìpẹtà tó ń gòkè.

Nítorí náà, lára ìhámọ́ra àwọn ọmọ ogun rẹ: eérú kọ́kọ́, kí o wá ya fóòmù kékeré, tẹ búráùn dúdú sí etí àti ojú ìṣó, díẹ̀díẹ̀. Búráùn pupa sí àárín ìyẹn, kó kéré sí ti àkọ́kọ́. Àwọ̀ ọsàn gbẹ̀yìn, orí abẹ́rẹ́ péré, inú kọ́lọ́fín nìkan. Lẹ́yìn náà fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fa ìlà láti ojú ìṣó lọ sísàlẹ̀.

Eruku tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré lówó gọbọi, má rà á. Ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ, ìpẹtà ló sọ òun náà di pupa. Yan án nínú páànù lórí iná, gún un, fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún, kí o wá fín fánísì tí kì í dán sí i láti òkèèrè kó lè dúró. Ó di pé wọ́n ti rin ilẹ̀ Ẹ̀gbá nìyẹn, nítorí ilẹ̀ Ẹ̀gbá gan-an ló wà lẹ́sẹ̀ wọn.


ỌmọÌbarà
Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo dúpẹ́. Mo ní kí n má fèsì títí màá fi ní ohun tí màá fi hàn.

Àwọn méjì inú Dettol mọ́ pátápátá, imú tó sọnù ti padà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo tún fín wọn, Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́dà, ojú wọn jọ̀lọ̀. Ilẹ̀ pupa tí mo yan, ẹ̀yìn ilé bàbá mi ní Láfẹ́nwá ni mo ti lọ bù ú.

Màmá Ìtòkú, mo gbé ère ọ̀gá ikọ̀ lọ fún ìyá mi àgbà. Mi ò sọ ohunkóhun fún wọn. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n yí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, "Oṣùbàǹbà rèé." Wọ́n wá dìde, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n mú ìró kan jáde tí mi ò rí rí, àwọn òṣùpá náà wà lára rẹ̀, aró rẹ̀ ti rẹ̀ dé ibi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di eérú. Wọ́n ní kí n wá ya irú èyí fún igbá-kejì, nítorí ọ̀gá àti igbá-kejì kì í wọ aṣọ tuntun kan náà. Mo ti tún un kùn. Aró rẹ̀ ti ṣá báyìí, mo fi eérú díẹ̀ pò ó.

Fìlà náà, ìgbà kejì ló bọ́ sí i. Etí òsì ga ju ti ọ̀tún lọ bí ìbú irun orí kan, mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mẹ́sàn-án ti parí. Ẹnì kẹwàá, èyí tó gbé ìbọn ńlá, ṣì wà láìní aṣọ èjìká. Tíṣù ti wà nínú Top Bond báyìí tí mò ń kọ èyí. KútòDáìsì, bó bá gbẹ kó tó di Sátidé, ṣé ẹ máa gbé tábìlì yín sílẹ̀ fún wa? Èmi á gbé àpáta wá. Ike funfun tó wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n ni mo fi gbẹ́ ẹ, mo ti fi Top Bond bò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀dà agolo má bàa jẹ ẹ́.


KútòDáìsì
Ọjọ́ Àìkú, 5:41 ìrọ̀lẹ́

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tábìlì wà, sẹ̀ǹtímítà 90 sí 90. Ẹ bá wa mú ìró Màmá àgbà wá o, bí wọ́n bá gbà. A fẹ́ fojú rí i.